Ìdáhùn sí Lẹ́tà Kan: Ṣé Kí Màmá Wa Lọ sí Bàhíà?

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ obìnrin kan ní Abẹ́òkúta. N kò ní tẹ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí ni, a kì í sì í pàtẹ ọ̀rọ̀ ẹbí bí ẹni ń pàtẹ iṣu. Ó ní ìyá àwọn, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú láti ọgbọ̀n ọdún wá, ti dá àjọ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ó ti kó àjọ náà, òun àti àwọn oníṣòwò obìnrin márùn-ún mìíràn sì ti pinnu láti lọ wo ìlú Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ọdún Yemọja tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Fẹ́búárì. Ìdí tí ìyá fi ń lépa ìlú yìí ni pé ìdílé Àgùdà ní Èkó ni ìyá tí ó bí i lọ́mọ ti wá, ó sì ti ń gbọ́ orúkọ Bàhíà láti kékeré.

Àwọn ọmọ wá pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tí ó wà ní Èkó fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù, níbi tí àwọn ọmọ kan lórí alùpùpù ti ń yọ ìbọn sí ènìyàn ní òpópó ọ̀nà ní ọ̀sán gangan. Ó ní bí màmá bá lọ, òkú rẹ̀ ni àwọn yóò lọ gbà ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. Wọ́n ti wá ń gbèrò láti gba páásípọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ìyá, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí ọdún yóò fi kọjá. Olùkọ́ yìí wá bi mí pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni kí a ṣe? Bí a bá fi í pamọ́, màmá kò ní dárí jì wá. Bí a kò bá sì fi í pamọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, àwa náà kò ní lè dárí ji ara wa."

Arábìnrin mi, ẹ má fi ọwọ́ kan páásípọ́ọ̀tì màmá yín. Ẹni tí ó fi owó adìrẹ tọ́ yín jáde ní yunifásítì, tí ó wá fi ọdún mẹ́ta dá àjọ fún ara rẹ̀, kò yẹ kí ọmọ rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín pàápàá kò parọ́. Èmi ti dé Bàhíà lẹ́ẹ̀mejì, ní 2018 àti ní 2023, ohun tí mo bá sì sọ nísinsìnyí, kí ẹ kà á sí létí màmá, kí ẹ kà á sí létí ẹ̀gbọ́n yín pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí ó burú. Ní ọdún 2017, ènìyàn tí wọ́n pa ní ilẹ̀ Bràsíìlì lé ní 60,000. Ó ti ń rọlẹ̀ láti ìgbà náà, ní 2024 ó jẹ́ nǹkan bí 44,000, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín in sí ojoojúmọ́, ẹ ó rí i pé ó ṣì lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí lójúmọ́. Ìpínlẹ̀ Bàhíà, tí Salvador jẹ́ olú ìlú rẹ̀ (Salvador yìí ni àwọn àgbà Àgùdà wa ń pè ní Bàhíà), sì wà lára àwọn ibi tí ó burú jù.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń pa? Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n yín kò bèèrè nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kú jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní àdúgbò àwọn tálákà, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta oògùn olóró ti ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ọlọ́pàá náà sì ń wọlé tọ̀ wọ́n pẹ̀lú ìbọn. Ìyá oníṣòwò tí ó wá wo ọdún kò sí nínú ìjà yẹn. Èyí tí ó ń dúró dè é ni olè: ẹni tí yóò já fóònù gbà, ẹni tí yóò yọ ọ̀bẹ tàbí ìbọn gba owó àti ẹ̀gbà ọrùn. Olè yìí kò ní ohunkóhun lòdì sí màmá. Nǹkan kan ni ó fẹ́, ó fẹ́ ẹ kíákíá, ó sì fẹ́ sá lọ. Ohun tí ń mú kí irú olè bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn ni kí ẹni tí ó dá dúró bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ kan wà tí màmá gbọ́dọ̀ mọ̀ ní èdè Pọtogí kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí "ẹ káàárọ̀". Ọ̀rọ̀ náà ni "Perdeu!" Wọn a pè é bí ẹni pé "pẹdéù". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "O ti pàdánù." Ohun tí àwọn olè ń wí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá yọ sí ènìyàn. Bí màmá bá ti gbọ́ ọ, kí ó na ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí wọn, kí ó má wo ojú wọn, kí ó má sọ̀rọ̀, kí ó má sì ti ọwọ́ bọ inú báàgì lójijì, nítorí ẹni tí ó ń gbọ̀n pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ lè rò pé ìbọn ni òun náà fẹ́ yọ. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ gan-an ní ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ará ìlú: "Não reaja", èyí ni pé, má ṣe bá a fà á.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni yóò ti nira fún màmá, nítorí mo mọ àwọn ìyá ọjà wa. Ní Ìtòkú, bí olè bá já báàgì, ìyá yóò dì í ní aṣọ mú, yóò ké "Olè! Olè!", gbogbo ọjà yóò sì dà bo olè náà kí ó tó dé títì. Ní Bàhíà, ẹni tí ó bá ké bẹ́ẹ̀ dá dúró ni. Ní 2023, èmi àti olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìntì, ará Ìjẹ̀bú, ń rìn ní etí òkun ní àdúgbò Barra, ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ó sì sá kọjá títì. Bàbá yìí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, gbá ṣòkòtò mú, ó fẹ́ lé e! Ọkùnrin tí ń ta omi àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni ó dì í mú ní apá, tí ó sì fi ìka hàn wá: àwọn ọmọ méjì mìíràn jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ní ìkọjá títì, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò lé ẹnìkejì wọn. Fóònù lọ, bàbá wà. Ó ṣì ń bínú títí di òní, ó sì lè máa bínú, nítorí ó wà láàyè.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò tí ì rí nínú ìwé ìrìn-àjò kankan, nítorí òyìnbó ni ó ń kọ ìwé wọ̀nyí fún òyìnbó. Wọn a ní: "Má ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àlejò ni ọ́." Fún òyìnbó, ìyẹn ṣòro, awọ ara rẹ̀ ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní Salvador, nínú ènìyàn mẹ́wàá, ó tó mẹ́jọ tí ó jẹ́ dúdú tàbí àdàlù. Bí màmá bá wọ aṣọ ṣákálá kan tí ó sì wé gèlè kékeré, ará ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn yóò pè é títí yóò fi la ẹnu. Èrè ńlá ni èyí jẹ́, kò sì yẹ kí a fi wúrà àti léèsì bà á jẹ́. Kí ẹ̀gbà àti yẹtí wúrà dúró sílé ní Abẹ́òkúta. N kò sọ pé kí wọ́n wà nínú àpótí ní òtẹ́ẹ̀lì, Abẹ́òkúta ni mo wí. Èyí tí ó bá jẹ́ ayédèrú pàápàá kí ó dúró, nítorí olè kò ní alágbẹ̀dẹ wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò bá a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó já a.

Ṣùgbọ́n èrè yìí ní gbèsè lẹ́yìn. Ọlọ́pàá tí ó rí òyìnbó yóò rẹ́rìn-ín sí i. Ọlọ́pàá tí ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tí ń rìn lálẹ́ lè kọ́kọ́ kọ ojú ìbọn sí i kí ó tó bi í léèrè orúkọ. Ìpínlẹ̀ Bàhíà wà lára ibi tí ọlọ́pàá ti ń pa ènìyàn jù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Bí ọmọkùnrin kan bá tẹ̀lé àwọn ìyá wọ̀nyí láti máa bá wọn gbé ẹrù, kí wọ́n kìlọ̀ fún un dáadáa. Bí ọlọ́pàá bá ní kí ó dúró, kí ó dúró, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì hàn, kí ó má sáré, kí ó má fa ọ̀rọ̀. Kí olúkúlùkù ní ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tì rẹ̀ lára nígbà gbogbo, kí ojúlówó wà ní ibi ìtọ́jú ní òtẹ́ẹ̀lì. "Sou turista, da Nigéria": èyí ni pé, àlejò ni mí láti Nàìjíríà. Kí gbogbo wọn kọ́ ọ lórí.

Ọ̀rọ̀ ìbátan ńkọ́? Òótọ́ ni pé ará wa ni wọ́n. Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Àwọn Nàgó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn Mùsùlùmí tí ó dìde lòdì sí ìkẹ́rú ní Bàhíà ní 1835, lẹ́yìn ìdìde yẹn ni wọ́n lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sí ẹ̀bá òkun wa, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn rà á padà wálé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní Àgùdà ní Èkó. Màmá yóò gbọ́ "axé" lẹ́nu gbogbo ènìyàn, àṣẹ wa náà ni. Yóò rí àkàrà ní gbogbo igun, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa. Omi yóò bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ lójú tèmi náà. Ibẹ̀ ni kí ó ti ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá sáré wá pàdé rẹ ní òpópó, tí ó ń kí ọ ní àṣẹ, àṣẹ, tí ó ń pè ọ́ ní ìyá mi láti Áfíríkà, tí ó sì fẹ́ mú ọ lọ wo ojúbọ kan ní ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún, ìwọ bi ara rẹ léèrè ohun tí ó fẹ́ tà. Ní Èkó, tí a jọ ń sọ èdè kan náà, ṣé a máa ń tẹ̀lé ẹni tí ó bá kí wa ní Òṣòdì?

Àwọn gbájúẹ̀ kékeré wà tí kì í yọ ìbọn. Wọ́n pọ̀ ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tí ó kún fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé aláwọ̀ mèremère. (Igi tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, kí màmá mọ̀ ọ́n kí ó tó máa yàwòrán níbẹ̀.) Ẹnì kan yóò so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ kan, èyí tí í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, mọ́ ọ lọ́wọ́, yóò ní ẹ̀bùn ni, yóò sì tẹ̀lé ọ dé ìparí òpópó títí ìwọ yóò fi sanwó. Òmíràn yóò fi ọ̀dà funfun kun apá rẹ kí o tó ṣẹ́jú, yóò wá pe owó tí ó tó ra ìgò epo. Ìyá tí ó wọ aṣọ funfun rẹ̀gẹ̀jì yóò fà ọ́ mọ́ra fún àwòrán, owó ni. Fún gbogbo wọn, "Não, obrigada" tó, kí a wí i lẹ́ẹ̀kan, kí a máa rìn lọ, kí ọwọ́ wà lápò. Àwọn tí ń gba owó káàdì lórí ẹ̀rọ POS náà ní ọgbọ́n tiwọn: gíláàsì ojú ẹ̀rọ yóò ti fọ́ tàbí kí wọ́n fi ìka bo ó, ìwọ yóò rò pé ogún ni o san, igba ni wọ́n tẹ̀. Ẹni tí ń tajà ní Ìtòkú kò nílò kí n kọ́ ọ ní èyí. Ẹ̀rọ tí n kò bá lè ka ojú rẹ̀, n kò ní fi káàdì sí i.

Nípa owó, mo ní ìròyìn ayọ̀ fún màmá. Ohun tí àwọn òyìnbó ń rà ní owó iyebíye láti dì mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ, àwọn ìyá wa ti ní in kí bàtà tó dé: tòbí ni. Kí màmá rán tòbí tuntun, kí ó ní àpò méjì, kí owó ńlá àti káàdì kan wà nínú rẹ̀, kí ó má sì ṣí i ní gbangba rárá. Owó ọjọ́ kan nìkan ni kí ó wà nínú báàgì ọwọ́. Èyí ni owó olè. Àwọn ará Bàhíà náà ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa mú fóònù olówó pọ́ọ́kú kan dání tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún olè. Ẹni tí kò ní ohunkóhun rárá láti fi fún olè wà nínú ewu ju ẹni tí ó ní díẹ̀ lọ.

Bí ó bá fẹ́ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, kí ó jẹ́ nínú báńkì tàbí nínú ilé ìtajà ńlá, kí ó jẹ́ ní ọ̀sán, kí ẹnì kejì dúró tì í, kí wọ́n má sì jáde sójú títì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ ẹni tí ó ń jáde ní báńkì, ará ibẹ̀ ní orúkọ fún irú olè yìí gan-an, saidinha ni wọ́n ń pè é, bí ẹni wí pé "ìjáde kékeré."

Fóònù ni olórí ohun tí wọ́n ń wá báyìí. Kì í ṣe nítorí fóònù fúnra rẹ̀ nìkan, nítorí báńkì tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Kí màmá fi fóònù tí ó ní báńkì sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, kí ó mú kékeré jáde. Kí ẹ bá a fi nọ́ńbà àṣírí sórí síìmù Nàìjíríà rẹ̀, kí ẹni tí ó bá jí i má lè fi í sínú fóònù mìíràn kí ó máa gba nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ wo ọ̀nà lórí fóònù, kí ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan kí ó wò ó, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó tó jáde. Igun títì ni wọ́n ti ń gbà á.

Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, ẹ jẹ́ kí n ya ilẹ̀ Salvador sílẹ̀ fún yín. Ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀ ni. Ìlú òkè ni Pelourinho wà, ìsàlẹ̀ ni èbúté àti ọjà ńlá Mercado Modelo wà, ògiri òkè kan sì pín wọn níyà. Àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà kan wà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ gbà láti ọ̀kan dé èkejì, ó sì rọrùn lójú. Ẹ má gbà á. Orí irú ọ̀nà wọ̀nyí ni wọ́n ti ń já àlejò lólè jù, nítorí ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti di àlàpà, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe. Ẹ̀rọ agbéniròkè ńlá kan wà, Lacerda, tí ó ti ń gbé ènìyàn sókè sódò láti 1873. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 72, kò gba ìṣẹ́jú kan, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Òun ni kí màmá wọ̀. Àdúgbò ìsàlẹ̀ tí àwọn báńkì àti ọ́fíìsì wà, Comércio, kún fọ́fọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, ó dá páropáro bí ọjà tí kò sí ọjọ́ rẹ̀. Pelourinho pàápàá, níbi tí ọlọ́pàá dúró sí ní igun méjìméjì, ó tó kí o yà sí òpópó kan péré lẹ́yìn kí gbogbo rẹ̀ yí padà.

Bí ẹsẹ̀ màmá bá sì ń ṣiyè méjì ní igun kan, kí ó lọ bá ìyá alákàrà. N kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá alákàrà ní Bàhíà kì í kúrò lójú kan, ó mọ gbogbo ọmọ àdúgbò, ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti ènìyàn bá wà ni ó ń jókòó sí. Ìjọba wọn ka iṣẹ́ náà sí ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2005. Kí màmá ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ (wọn a là á sí méjì bí búrẹ́dì, wọn a kó edé àti ọbẹ̀ sí i nínú, èmi fẹ́ràn tiwa jù), kí ó sì nawọ́ sí òpópó tí ó fẹ́ gbà, kí ó bèèrè pé, "É perigoso?" Ṣé ó léwu? Bí ó bá mi orí, kí màmá yí padà.

Èyí tí ó kan ọkọ̀: kí wọ́n má yá ọkọ̀ wà fúnra wọn, kí wọ́n má sì gbẹ́kẹ̀ lé fóònù tí ń júwe ọ̀nà. Ní ìlú Rio de Janeiro, ní Desẹ́ńbà 2016, àwọn ará Itálíà méjì lórí alùpùpù tẹ̀lé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ inú àdúgbò tí àwọn ọmọ oògùn olóró ń ṣọ́, wọ́n yìnbọn pa ọ̀kan nínú wọn. Ní Ọkítóbà 2017, ará Spéìn kan, obìnrin, wà nínú ọkọ̀ tí ń jáde láti Rocinha. Ọlọ́pàá ni ó yìnbọn fún un, wọ́n ní ọkọ̀ náà kò dúró. Ní Desẹ́ńbà 2024, ará Argẹntínà kan tí ó ń gbé ìdílé rẹ̀ lọ wo ère Jésù tí ó wà lórí òkè, fóònù darí rẹ̀ gba ibi tí kò yẹ, wọ́n yìnbọn lù ú, ó sì kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Fóònù mọ ọ̀nà tí ó kúrú jù, kò mọ ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Takisí, tàbí ọkọ̀ tí a pè lórí fóònù láti inú òtẹ́ẹ̀lì, tí a sì ti fi nọ́ńbà rẹ̀ wé èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, ni kí wọ́n máa wọ̀, ní pàtàkì bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Àwọn ọkùnrin tí ń ka ojú ìwé yìí tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá nìkan ni mo ń sọ, ẹ̀yin ni ó kàn. "Boa noite, Cinderela" ni wọ́n ń pe egbòogi tí wọ́n ń rọ sínú ọtí ọkùnrin tí ó bá obìnrin ẹlẹ́rìn-ín pàdé ní ilé ọtí. Ẹ ó jí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì láìsí fóònù, láìsí káàdì, nígbà mìíràn láìsí ṣòkòtò. Mo mọ ẹnì kan. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ọdún gan-an wá kù. Ní àdúgbò Rio Vermelho ni, àwọn apẹja ni ó ni ín. Wọ́n a kó òdòdó, lọ́fíńdà àti dígí sínú apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé wọn lọ sójú òkun ní ọ̀sán. Kí àwọn ìyá dé ibẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn olùfọkànsìn ni ó pọ̀ jù. Kí wọ́n pín ara wọn ní méjìméjì, kí wọ́n yan ibì kan tí wọn yóò ti pàdé bí wọ́n bá sọnù sí èrò. Bí apẹ̀rẹ̀ bá ti lọ sójú òkun, kí wọ́n máa padà, nítorí lẹ́yìn ìgbà náà ọtí àti ìlù ni, jáwójáwó sì ti wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ilé òrìṣà lálẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún wọn ṣí sílẹ̀ fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n háyà awakọ̀ tí yóò dúró dè wọ́n títí wọn yóò fi jáde, kí fóònù má sì jáde nínú àpò láìgba àyè, nítorí wọn kì í fẹ́ kí a yàwòrán.

Mo fi èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù sí ìkẹyìn, kò sì ní ìbọn nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan, ẹni rere lójú, tí ó gbọ́ Yorùbá ketekete, yóò pàdé àwọn ìyá wọ̀nyí, pàápàá bí ọkọ̀ òfúrufú wọn bá gba São Paulo. Yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá mi mú bàtà àti ọṣẹ yìí lọ fún màmá mi ní Èkó." Ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Èkó, lọ́pọ̀ ìgbà ni àwọn NDLEA ti mú ẹni tí ń bọ̀ láti Bràsíìlì tí kokéènì wà nínú ẹrù rẹ̀, òmíràn nínú wọn ní òun kò mọ ohun tí wọ́n fi rán òun. Ẹ̀wọ̀n ni. Màmá kò gbọdọ̀ gba ẹrù ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ Bíbélì. Kí wọ́n fi àgádágodo ti àpótí wọn, kí olúkúlùkù dì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì jókòó tì í.

Arábìnrin mi, iṣẹ́ tí ó kan ẹ̀yin ọmọ rèé. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó fẹ́ gba páásípọ́ọ̀tì, kí ó ya àwòrán rẹ̀ àti ti físà, kí ó tọ́jú wọn. Bí ìwé bá sọnù, ọlọ́pàá àwọn àlejò wà ní Salvador tí yóò kọ ìwé ẹ̀rí fún un, ṣùgbọ́n ilé aṣojú Nàìjíríà, Brasília ni ó wà, ó sì jìnnà ju 1,000 kìlómítà lọ, àwòrán yẹn yóò wúlò nígbà náà. Ẹ pinnu wákàtí kan tí màmá yóò máa pè yín lójoojúmọ́. Àwa fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú wọn: bí ó bá pè ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ níbẹ̀, agogo méjìlá ọ̀sán ni níhìn-ín, ẹ ó ti wà ní ìsinmi ọ̀sán ní ilé-ìwé. Bí kò bá pè ní ọjọ́ kan, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì, ẹ má pe ìpàdé ẹbí.

Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí aṣọ funfun kékeré kan pẹ̀lú ìńkì tí omi kì í fọ̀: 190 fún ọlọ́pàá, 192 fún ọkọ̀ aláìsàn, 193 fún panápaná, àti orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wọn lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ rán an mọ́ inú tòbí.